Ìlú Kékeré, Ẹrù Ńlá: Ipò Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin Láàrin Agẹmọ Mẹ́rìndínlógún

    

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àti ìgbé ayé ìlú Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ìlú ńlá kọ́ ni. Bí a bá ní kí akọ̀wé òde òní kan kọ nípa rẹ̀, a ti mọ ohun tí yóò kọ kó tó mú gègé: ibi tí ìlú wà, iye wọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọjà, ohun tí wọ́n ń gbìn, àti ìlà kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá pé wọ́n máa ń ṣe ọdún ìbílẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ wà nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ló yẹ kó wà lókè, nítorí òun ni gbogbo Ìjẹ̀bú fi mọ̀ pé ìlú ni Ìmùṣin, tí kì í ṣe ibi tí ọ̀nà kàn gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà. Ìmùṣin wà ní apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ògbèrè ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà, àwọn ìlú bíi Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Òwu Ìjẹ̀bú àti Ìtele sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ igbó ni. Ó gba ọ̀pẹ, ó gba obì, ó gba kòkó, ó gba ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú tó kan lẹ́nu, ó sì gba ewùrà tí a ń rin láti se ìkọ́kọrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé níbẹ̀ yóò gbọ́ nípa St. Anthony's Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde káàkiri ilẹ̀ yìí. Bí ti gbogbo Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló ń gbé Èkó àti ẹ̀yìn odi, tí wọ́n ń wálé fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó àti fún ọdún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ, nítorí orúkọ ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìlú ní kí ìwé tó dé. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé iṣin ló wà nínú orúkọ Ìmùṣin, igi eléso nì. Àwọn tó ń sọ ìtàn Mushin ti Èkó náà ń tọ́ka sí iṣin. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, mo rí ohun mìíràn tí kò tako ti àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí: Ìmọ̀sàn, Ìmọ̀rò, Ìmàgbọ̀n, Ìmọ̀bì, Ìmọ́dì, Ìmùkù, Ìmùṣin. Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà bẹ̀rẹ̀. Irú ìjọra bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì. Ó ń fi hàn pé àwọn tó tẹ àwọn ìlú wọ̀nyí dó ń sọ ohùn kan, wọ́n sì ń sọ ilẹ̀ lórúkọ lọ́nà kan. Orúkọ Ìmùṣin nìkan ti tó láti sọ fún wa pé ìlú náà kì í ṣe àjèjì nínú agbo Ìjẹ̀bú.

Iṣin fúnra rẹ̀ yẹ ní sísọ. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n: èèpo pupa, kóró dúdú tó ń dán, ara funfun tó ń yọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òfin kan wà lórí rẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀. A kì í fi ọwọ́ la iṣin. Bó bá pọ́n tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò là lórí igi. Ẹni tó bá kánjú là á kó tó là, májèlé ló jẹ, ó sì lè kú. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n gbé èso yìí kọjá òkun lọ sí Jamaica ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lónìí, òun ni èso orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ń sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ ní òwúrọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, ackee, láti èdè Akan ló ti wá. Àwọn tó gbé e dé ọ̀hún pàdánù ilé, wọ́n pàdánù orúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé òfin jíjẹ rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ wọn pé kó dúró kí èso náà là. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n óò padà sí i.

Ọ̀rọ̀ kàn wá dórí ìtàn. Àwọn àlejò tó kọ́kọ́ kọ nípa Ìjẹ̀bú, olú ìlú ni wọ́n rí. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ìlú ńlá kan wà tí yàrà ńlá yí ká. Yàrà Súngbọ́ tí a ń wò títí di òní gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì jìn tó 20 mítà ní ibòmíràn. Iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti olú ìlú nìkan. Ọwọ́ àwọn ìlú kéékèèké tó wà káàkiri ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ olú ìlú nìkan ni àlejò gbé lọ sílé. Àṣìṣe yìí kò tíì tán nínú ìwé ìtàn.

Báwo ni Ìjẹ̀bú fúnra wọn ṣe ń ka ìlú? Ìtún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àdúgbò, pẹ̀lú olórítún tó ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Òṣùgbó, ilé ìdájọ́ àti ilé àgbà, tí kò sí ọba tó lè dá ìpinnu ńlá ṣe lẹ́yìn wọn. Pàǹpá ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé sì ń kó àwọn ojúgbà jọ fún iṣẹ́ ìlú. Bí ìlú bá ní gbogbo èyí, ó ti ní eegun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ju gbogbo wọn lọ, tí kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní in. Òun ni Agẹmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ẹ má fi Agẹmọ tí mò ń sọ yìí pe ọ̀gà tó ń pa àwọ̀ dà lórí igi nìkan. Ní Ìjẹ̀bú, Agẹmọ ni ìmọlẹ̀ tó so ilẹ̀ náà pọ̀. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn Alágẹmọ tó ní oyè, oyè kọ̀ọ̀kan sì ní ìlú tirẹ̀. Tami wà ní Òdogbolú, òun sì ni àgbà wọn. Olúmọ̀rò wà ní Ìmọ̀rò. Pọsà wà ní Ìmọ̀sàn. Mọ̀kò wà ní Òkun-Ọ̀wà. Petu wà ní Ìsìwọ̀. Magodo wà ní Ayépé. Nópà wà ní Ìmùṣin. N kò ní ka gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ohun tí mò ń tọ́ka sí. Ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn.

Lọ́dọọdún, ní àsìkò òjò, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Keje, àwọn Alágẹmọ yóò dìde láti ìlú wọn. Wọ́n á gba ọ̀nà tí àwọn baba wọn gbà, pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n á sì pàdé ní Ìmọ̀sàn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún àlàáfíà gbogbo ilẹ̀, Awùjalẹ̀ yóò sì gbà wọ́n. Ìtàn kan tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àwọn tó ni agbára wọ̀nyí bá Ọbańta rìn wá sí Ìjẹ̀bú. Nígbà tí kálukú wá tẹ̀dó sí ibi tirẹ̀, wọ́n fi ìpàdé ọdọọdún ṣe okùn, kí ilẹ̀ má baà tú.

Ẹ wo ọgbọ́n ìṣèlú tó wà nínú ètò yìí. Èkíní, wọn kò kó agbára jọ sí olú ìlú. Ààfin wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ohun tí ààfin nílò kí ọdún tó yí dáadáa wà ní Òdogbolú, ó wà ní Ìsìwọ̀, ó wà ní Ìmùṣin. Èkejì, ọba kì í lọ kó o. Àwọn ló ń gbé e wá, olú ìlú ló sì ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀kẹta, iye náà kò ṣeé dín. Mẹ́rìndínlógún kì í ṣe iye lásán létí ẹni tó mọ Ifá, nítorí ojú odù mẹ́rìndínlógún ni gbogbo ìyókù dúró lé. Bí Nópà kò bá jáde láti Ìmùṣin, kì í ṣe Ìmùṣin nìkan ló pàdánù. Àpapọ̀ náà ló ti já. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìlú kékeré ló gbé ẹrù ńlá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Gómìnà Carter rán láti Èkó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọ̀n. Ìjẹ̀bú tó ti ń ti ọ̀nà rẹ̀ mọ́ àjèjì di ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayandele àti àwọn òpìtàn mìíràn ti ṣàlàyé bí Ìjẹ̀bú ṣe yára gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì lẹ́yìn náà ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lọ. Láàrin ìran kan sí méjì, ìdílé tó jẹ́ pé awo ni baba ńlá wọn ti di ìdílé mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, Agẹmọ kò dáwọ́ dúró. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1960 tó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, Mùsùlùmí ni. Ní gbogbo ọdún márùnlélọ́gọ́ta tó fi jọba, àwọn Alágẹmọ ń wá sí Ìmọ̀sàn. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé oyè lè dúró bí ẹ̀sìn ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá tilẹ̀ yàtọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìlú bá ṣì mọ ìdí tí oyè náà fi wà. Ọjọ́ tí ìlú kò bá mọ ìdí rẹ̀ mọ́, oyè á kú láìsí ogun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ fi Agẹmọ wé Ojúde Ọba. Ojúde Ọba bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ń lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè. Lónìí, pẹ̀lú ẹṣin àti àwọn régbérégbé nínú aṣọ wọn, gbogbo ayé ti ń wò ó lórí fóònù. Mo yọ̀ sí i, ẹwà Ìjẹ̀bú ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí gbogbo ojú rí ni. Agẹmọ, ní tirẹ̀, ohun tí kì í ṣe gbogbo ojú ló yẹ kó rí i ni. Ní ayé tí a ti ń rò pé ohun tí a kò bá yà ní fọ́tò kò sí, ohun tó ní àṣírí wà nínú ewu méjì. Àwọn kan á gbàgbé rẹ̀. Àwọn kan á sì fẹ́ fipá ṣí i. Ẹ rántí iṣin. Kò sí ìyà nínú kí èso wà ní títì. Ìyà wà nínú kí a kánjú là á, ìyà sì wà nínú kí a gé igi náà lulẹ̀ nítorí pé kò tíì là.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwa náà tí a ń pe ara wa ní olùjí àṣà dìde. Bí àwọn kan lára wa bá dé ìlú báyìí, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ọya ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọn kò bá rí wọn, wọ́n á ní àṣà ti parun níbẹ̀. Ìyẹn kò tọ́. Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ara wa, láti Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọn kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún Ìjẹ̀bú. Babaláwo ni mí, mo sì ń sọ ọ́ níwájú àwọn babaláwo: Ifá kò wá láti gba ipò Agẹmọ. Ẹsẹ Ifá kún fún orúkọ ìlú, ńlá àti kékeré, nítorí Ifá mọ̀ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran Ìmùṣin lọ́wọ́, kó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn tó ni Agẹmọ níbẹ̀, kó gbọ́ tiwọn.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ní ohun mẹ́rin láti sọ.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìjẹ̀bú, igbó ìmọlẹ̀ ti di ilẹ̀ tí a ń gé tà ní púlọ́ọ̀tì. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ilé gan-an ló ń tà á. Àdúrà nìkan kò lè gba igbó là. Kí a pe sọfiyọ̀, kí a wọn igbó, kí a fi orúkọ ìdílé àti ti ìlú sínú ìwé, kí a sì gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń ṣe é fún ilẹ̀ tiwọn. Kí ló dé tí igbó tó ti wà ṣáájú wọn kò ní ìwé?

Èkejì ni ọ̀nà. Òfin wà pé obìnrin kò gbọdọ̀ rí ẹrù Agẹmọ bó bá ń kọjá. Èèwọ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìnrìn àjò, tí kò mọ̀, kì í ṣe ọ̀tá wa. Ojúṣe wa ni láti kéde ọjọ́ àti wákàtí ṣáájú, ní ọjà, lórí rédíò, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá na obìnrin lójú pópó lórúkọ Agẹmọ, Agẹmọ kọ́ ló rán an. Ó ń ba orúkọ àwọn baba rẹ̀ jẹ́, ó sì ń fún àwọn tó fẹ́ kí oyè náà parẹ́ ní ohun ìjà.

Ẹ̀kẹta ni ohùn. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí mò ń sọ báyìí. Àwọn onímọ̀ ti pín in mọ́ ẹ̀ka gúúsù-ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó àti Ọ̀wọ̀. Àwọn orin Agẹmọ, oríkì àwọn Alágẹmọ àti orúkọ ibi tí wọ́n ti ń dúró lójú ọ̀nà, nínú ohùn yẹn ni gbogbo wọn wà. Ọmọ tí kò gbọ́ Ìjẹ̀bú yóò gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó ń wí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ti tó láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Kí a gba ohun tí wọ́n bá ní ó ṣeé gbà, kí a sì fi ohun tí wọ́n bá ní kí a fi sílẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ènìyàn. Oyè tí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ti di ìtàn. Nínú àwọn ìdílé tó ni oyè báyìí, ọmọ lè jẹ́ pásítọ̀, ó lè jẹ́ àlùfáà, ó sì lè wà ní London. A kò ní fipá mú un. Ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀sìn mìíràn nìkan ni yóò sọ fún un ohun tí oyè baba rẹ̀ jẹ́. Bí a bá sọ fún un pé ìlú rẹ̀ ni ìkan nínú mẹ́rìndínlógún tí olú ìlú ń dúró dè, bóyá kò ní gbé ẹrù náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bú ẹni tó gbé e. Ó sì lè jẹ́ òun ni yóò sanwó sọfiyọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ kọ nípa Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, kó kọ ti ilé-ẹ̀kọ́, kó kọ ti gàrí, kó kọ ti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kó fi ti Nópà ṣáájú. Kó kọ ọ́ pé ìlú kan wà ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìpàdé gbogbo ilẹ̀ kò pé bí kò bá sí níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tòrò. Kí àwọn tó ń gbé ẹrù má ṣubú lójú ọ̀nà. Kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá igi iṣin lórí ìdúró, kí wọ́n sì ní sùúrù títí yóò fi là. Àṣẹ.